Ta Ló Gbọ́ Ọ?

Òjò ọ̀sán ń pa ọkùnrin náà lórí, bẹ́ẹ̀ fìlà rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdì ìwé pélébé kan ló fi fìlà náà bò, ó gbá a mọ́ àyà bí ìgbà téèyàn gbé ọmọ tuntun. Bó ṣe wọ ọ́fíìsì nìyẹn, tí omi ń ro lẹ́nu irùngbọ̀n rẹ̀, tó ń béèrè bóyá wọ́n ní aṣọ gbígbẹ tóun lè fi nu ìwé. Kò béèrè èyí tó máa fi nu ojú.

Táípíìsì ò ráyè tiẹ̀. Rìbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra, yíǹkì ti ba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jẹ́. Ó pòṣé, ó ní, "Ó ti sú mi! Mo ti jáwọ́ ńbẹ̀!"

Lọkùnrin náà bá fa bírò yọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹ tún un sọ."

"Kí lẹ ní mo sọ?"

"Pé ẹ ti jáwọ́ ńbẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ tọkàntọkàn."

"Ẹ̀yin yìí, ṣé orí yín pé ṣá?"

Orí rẹ̀ pé o, iṣẹ́ ló ń ṣe. Nínú ọ́fíìsì náà, yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kan, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń kó ìwé atúmọ̀ èdè jọ. Gbogbo wọn ń pè é ní Ọ̀gá Àgbà. Tó bá ti kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, á kọ bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́, á sì wá àpẹẹrẹ tì í. Òfin rẹ̀ kan ò yẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jókòó ro àpẹẹrẹ lórí ara rẹ̀. Ó ní láti tẹnu èèyàn jáde, kí etí ẹlòmíì sì gbọ́ ọ. Wọ́n á kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó gbọ́ ọ sábẹ́ ìwé pélébé náà. Ọkùnrin yìí ni wọ́n ń rán kiri ìgboro láti máa gbọ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Elétí-Ehoro. Oṣù yẹn, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni kuítì, tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé èèyàn fi nǹkan sílẹ̀. Táípíìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni.

Elétí-Ehoro bá a tún rìbọ́ọ̀nù ṣe. Látọjọ́ náà, kò sí ọ̀sán tí kì í gòkè wá fi ohun tó gbọ́ hàn án kó tó fi han Ọ̀gá Àgbà. Birikìlà kan ti ní, "Sìgá ni mo jáwọ́ nínú rẹ̀, kì í ṣe ìyàwó mi." Nọ́ọ̀sì kan ní, "Mo ti yááfì oorun ọ̀sán látọjọ́ tí mo ti bí ìbejì." Táípíìsì á rẹ́rìn-ín títí ìka rẹ̀ á fi ṣi lẹ́tà tẹ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Lọ́jọ́ kan tí Elétí-Ehoro ti ìrìn ọjọ́ mẹ́rin dé, ọmọbìnrin náà ò mọ̀gbà tó ní, "Àárò ẹ sọ mí o jàre."

Ọkùnrin náà ò mú bírò.

"Ìyẹn ò wọ̀wé ni?"

"Ìyẹn kọ́. Tèmi nìyẹn."

Ayé dùn nígbà náà. Bí Táípíìsì nìkan bá wà nílé lónìí, ó ṣì máa ń gbọ́ ìró bàtà yẹn lórí àtẹ̀gùn.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ò rí i bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún ni bàbá fi wa ọkọ̀ ojú irin, ojú tó fi ń wo iná pupa ojú irin náà ló fi wo àlejò ọmọ rẹ̀ ní pálọ̀.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mo máa ń gbọ́ ohun táwọn èèyàn ń sọ, sà, mo sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀."

"Òfófó ti wá diṣẹ́?" Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó tún yí i padà. "Gbọ́ mi dáadáa, ìwọ tó ń fetí jẹun. Yọwọ́-yọsẹ̀ lọ́rọ̀ ọmọ mi. Etí ò kọ́lé rí."

Táípíìsì ń retí kí Elétí-Ehoro fèsì. Kò fọhùn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí bàbá pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà rẹ̀ ti wà lórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà: ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì, kò yọjú, kò ránṣẹ́. Ó dun ọmọbìnrin náà dé ọkàn. Ó ń jẹun, kò mọ ohun tó ń jẹ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó bá lè dákẹ́ níwájú bàbá ẹni, ó ti fini sílẹ̀ nìyẹn.

Ibi tó ti ń tẹ ojú ìwé kuítì lọ́sẹ̀ kẹta ló ti kan ọ̀rọ̀ tirẹ̀: "Ó ti sú mi! Mo ti jáwọ́ ńbẹ̀!" Abẹ́ rẹ̀ ni ti bàbá rẹ̀ wà, látorí "Yọwọ́-yọsẹ̀" dórí "Etí ò kọ́lé rí." Ìwé kan ló kù, ọwọ́ Elétí-Ehoro ló kọ ọ́.

"Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀ láyé. Ẹni tó sọ ọ́: èmi. Ẹni tó gbọ́ ọ:"

Kò sí nǹkan kan níwájú ìyẹn. Ọ̀gá Àgbà ti fi bírò pupa fa igi lé gbogbo rẹ̀, ó kọ ọ́ sétí ìwé pé, "Ta ló gbọ́ ọ?"

Ó dìde wùyà. "Ọ̀gá, níbo lọkùnrin yìí wà?"

Ọ̀gá Àgbà ò gbójú sókè. "Àwọn olómi ẹ̀rọ ló gbà á síṣẹ́. Mo ń retí ìgbà tóo máa béèrè."

Ẹ̀gbẹ́ ọgbà onílé kan ló ti bá a, ó kúnlẹ̀ ti mítà omi.

"Ṣé ìyẹn náà ń sọ̀rọ̀ ni?"

Elétí-Ehoro fò dìde. "Àtàárọ̀ ni mo ti ń tẹ́tí, kò tíì sọ nǹkan kan."

"Kí ló dé tóo dákẹ́?"

"Bàbá ẹ fẹ́ oníṣẹ́ gidi. Mo ní kí n kọ́kọ́ ríṣẹ́, kí n tó lanu. Tí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á ní ẹnu lásán ni."

"Èmi ńkọ́? Kí n máa wo ẹnu tí ò sọ nǹkan kan?" Ó na ìwé pélébé náà sí i. "Wọ́n ti wọ́gi lé e. Wọ́n ní ta ló gbọ́ ọ. Sọ ọ́. Mo wà ńbí."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. "Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀ láyé," ohùn rẹ̀ ò jinlẹ̀ tó bó ṣe fẹ́.

Táípíìsì gba bírò tó fi ń kọ iye mítà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ìwé náà lé ògiri ọgbà, ó kọ ọ́: "Èmi ni mo gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì jọ wọ pálọ̀ bàbá. Ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ bàbá sí ni Táípíìsì gbé síwájú rẹ̀. Bàbá fi awò sójú, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyí?"

"Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀, sà," Elétí-Ehoro fèsì.

Bàbá yọ awò. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ rí. "Ìwé yìí, ṣé àwọn ọmọ-ọmọ mi á rí i kà?"

"Ọwọ́ yín nìyẹn wà, Bàbá," lọmọ rẹ̀ sọ. "Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà."

Ẹ̀rín pa bàbá, ó rín in títí ikọ́ fi dé. "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ya èyí dànù. Kọ òmíràn síbẹ̀: Mo juwọ́ sílẹ̀. Ìwọ, padà sídìí etí rẹ. Mi ò gbé ọmọ mi fún onímítà."

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣègbéyàwó. Ọ̀rọ̀ bàbá wà nínú ìwé náà títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá fúnra rẹ̀ ti lọ, tí ẹ̀yìn ìwé ti já, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Etí ehoro pàápàá ti di. Kí Táípíìsì tó bá ọkọ rẹ̀ sọ nǹkan, ó ní láti sún mọ́ ọn, kó gbẹ́nu lé e létí. Bó bá ṣí ojú ìwé kuítì, á ka gbólóhùn tó kẹ́yìn ibẹ̀ fún un sókè: "Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀ láyé."

Ọkọ rẹ̀ á ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni."

"Irọ́ o! Ta ló gbọ́ ọ?"

"Èmi ni mo gbọ́ ọ."