Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Àárọ̀

"Kí ìyá rẹ hú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà sínú ife yìí láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n tó jẹun. Mi ò fẹ́ itọ́ ẹnu o," ni Nọ́ọ̀sì Mary wí, ó gbé ife onídèérí lé Memunat lọ́wọ́.

Ilé ìwòsàn kan ní Ìkàrẹ́ ni wọ́n wà. Memunat, ọmọ ilé-ìwé módà láti Ìwàrò-Ọ̀kà, ló ń tọ́jú ìyá rẹ̀, Limota, tí àtọ̀gbẹ ti sọ di aláìlágbára. Òtútù àyà ni dókítà kọ́kọ́ rí. Abẹ́rẹ́ pẹnisílínì jẹ́ kí obìnrin náà lè mí dáadáa, ṣùgbọ́n ibà kò lọ, ikọ́ kò sì dáwọ́ dúró.

"Àtọ̀gbẹ kì í jẹ́ kí ara lè bá àrùn jà," dókítà ṣàlàyé fún Memunat. "Àrùn méjì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró irú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fura sí ikọ́ ife. Bí a kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, a óò máa wo ọ̀kan, èkejì yóò sì máa pa wọ́n lọ."

 Memunat rántí bí wọ́n ṣe lé ìdílé Rájí, aládùúgbò wọn, kúrò nídìí kànga nítorí ikọ́ yẹn. Ta ni yóò ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá òun mọ́? Ta ni yóò jókòó ti òun ní kíláàsì?

Láàárọ̀, nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì ń sùn, ó lọ sẹ́yìn ilé ìdáná ilé ìwòsàn náà, ó hú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ sínú ife náà, ó dé e, ó sì gbé e fún Nọ́ọ̀sì Mary bí ti ìyá rẹ̀. Òun náà ti ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà pé eruku ni.

Nígbà tí èsì dé, dókítà pè é. "Ohun tí mo fura sí náà ni. Kòkòrò ikọ́ ife pọ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ìyá rẹ."

 Memunat di etí tábìlì mú. 

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó wí, "kì í ṣe ti ìyá mi. Èmi ni mo hú u."

Nọ́ọ̀sì Mary gbé àwo tó mú dání kalẹ̀. Dókítà yíjú sí ọmọ náà.

"Ká ní a kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ńkọ́?" ó bi í. "Ǹ bá ti ní kí ìyá rẹ máa lọ sílé. Wọn ì bá kú síbẹ̀, ìwọ náà ì bá sì tẹ̀ lé wọn."

Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Limota gan-an, Nọ́ọ̀sì Mary dúró tì í. Ikọ́ ife wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òtútù àyà ló bò ó mọ́lẹ̀. Tìyátọmọ ni wọ́n jọ gba abẹ́rẹ́ àti oògùn fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ara wọn tó yá. Memunat kò rí ìdánwò ọdún náà ṣe.

"Ojú ayé lò ń sá fún," ìyá rẹ̀ sọ fún un, "o wá fẹ́ẹ́ sin wá méjèèjì."

 Ó ti yé Memunat pé ìtìjú kì í wo àìsàn. Òótọ́ tí a bá sọ fún dókítà ló ń jẹ́ kó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.