Àmì Méjì Lábẹ́ Ọ̀dà Fàdákà

Píkọ́ọ̀pù náà ta gìrì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wúkọ́, ó sì kú kí wọ́n tó jáde ní Òkínní. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù. Abdulsalam yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbiná. Ó tún un yí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Mọ́ríátù ìyàwó rẹ̀ di iwájú ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ikọ́ fée ni. Oògùn tí ó máa ń fà sẹ́nu kò ràn án mọ́ láti àárọ̀. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ń lọ ní Òṣogbo kò jìnnà mọ́.

Abdulsalam fi ìkúùkù lu ọwọ́ ìtọ́kọ̀.

"Bàbá Sofiyullah, ẹ má lù ú," ni Mọ́ríátù wí. "Ó ti sìn wá."

Kò tún sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí ó dúró, ogójì ìṣẹ́jú ti kọjá. Nọ́ọ̀sì kan fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó sì mi orí.

Ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀ yẹn ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́fà. Inú nìkan ni wọ́n ti ń ṣí i. Abdulsalam ni ó máa ń nà gbọọrọ láti ìjókòó rẹ̀ láti ṣí i fún ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọlọ́kadà kan tí kò mọ̀ rí ni ó bá a gbé e jáde.

Ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú, Àkànmú mẹkáníìkì wá kí wọn ní Ìlobù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Òun ni ó wọ púlọ́ọ̀gì tuntun sínú ọkọ̀ náà, ọjọ́ mẹ́ta péré kí Mọ́ríátù tó kú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà tí wọ́n ti wọ́ wálé, lójú gbogbo ẹbí, ó yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Ayédèrú. Tánganran rẹ̀ ti sán."

"Níbo ni wọ́n ti rà á?" Hàmídù ni ó béèrè, àbúrò Mọ́ríátù.

"Ìfọ́n ni. Ṣọ́ọ̀bù Sàláwù."

Ojú Hàmídù pọ́n. "Àwọn ará Ìfọ́n ń bá wa jà sí ilẹ̀, kò tó wọn. Ó wá kan ẹ̀mí. Tí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, a ó lọ bá a nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò ní ku pákó kan."

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà níbẹ̀ hó yèè. Abdulsalam gbé ọwọ́ sókè.

"Ìyàwó mi ni ó kú. Ẹ fún mi di Jímọ̀. Tí mo bá mọ ẹni náà, èmi ni màá pè yín."

Ó di púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú áńkáṣíìfù. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ìfọ́n.

Sàláwù jẹ́ ọkùnrin tínrín, kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ó fi okùn so awò ojú kọ́ ọrùn. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. A gbọ́."

Abdulsalam tú áńkáṣíìfù lórí káńtà. "Ṣé ìwọ ni o ta ìwọ̀nyí fún mi?"

"Èmi kọ́."

"Irọ́. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àárọ̀. Mẹ́rin."

"Mo ta mẹ́rin fún yín. Kì í ṣe mẹ́rin yìí." Sàláwù fa ìwé kan tó ti gbó jáde, ó fi ìka tẹ̀lé orúkọ ọkọ̀ títí ó fi kan irú ti Abdulsalam. Ó gbé púlọ́ọ̀gì tuntun kan kalẹ̀, ó to ti àtijọ́ tì í. "Ẹ wo ibi tí ó ń yí wọlé. Ti ọkọ̀ yín gùn. Mẹ́ta nínú èyí tí ẹ mú wá kúrú, ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ wọ́n. Iná wọn kò lè dé ibi tí epo wà dáadáa. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ kò ní wọ èyí sí píkọ́ọ̀pù yín láé."

"Ìkẹrin ńkọ́?"

"Ìkẹrin bá a mu. Ṣùgbọ́n ó ti gbó, wọ́n kàn kùn ún ni." Ó mú ọ̀bẹ, ó ha ọ̀dà fàdákà tó wà lára irin rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀dà náà ni ojú ayùn méjì ti hàn, wọ́n dúró ti ara wọn.

Abdulsalam gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó jókòó sórí àpótí kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó jókòó.

Bàbá rẹ̀ wa ọkọ̀ ní Kumasi kí wọ́n tó lé gbogbo wọn wálé ní ọdún 1969. Bàbá náà ni ó kọ́ ọ: ohunkóhun tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ wọ̀ sínú ọkọ̀ rẹ, fi ayùn gé ojú méjì sí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa pààrọ̀ rẹ̀. Abdulsalam kò yé ṣe é títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí ó fi gbogbo ẹ̀ lé Àkànmú lọ́wọ́. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ni èyí. Inú páànù Àkànmú ni ó sọ ọ́ sí nígbà tó gbó.

"Ta ló wọ̀ ọ́ fún yín?" Sàláwù béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Àkànmú."

"Ní ojú yín?"

"Ó ní kí n lọ kírun, pé kí n tó dé òun á ti parí."

Sàláwù bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bí Hàfúsátù oníbúrẹ́dì ṣe sọ gan-an nìyẹn. Oṣù tó kọjá ni ó wá bú mi níbí pé púlọ́ọ̀gì mi ba ọkọ̀ òun jẹ́. Òun náà lọ kírun. Ta ló ní kí ẹ wá rà á lọ́dọ̀ mi?"

Abdulsalam di púlọ́ọ̀gì náà mọ́wọ́. "Àkànmú."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, lọ́jọ́ kejì, Ìnsípẹ́kítọ̀ Fọláyẹmí yí púlọ́ọ̀gì náà síwá sẹ́yìn.

"Àkànmú á ní ẹ̀yin ni ẹ gé e lánàá, Bàbá."

"Mi ò purọ́ rí."

"Mo gbà yín gbọ́. Ilé ẹjọ́ kò mọ̀ yín." Ó dá púlọ́ọ̀gì náà padà. "Ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Ojú tèmi ni mo fẹ́ fi rí i."

Rísíkátù, tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó epo pupa láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ni ó gbà láti yọ̀ǹda tirẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ra mẹ́rin lọ́wọ́ Sàláwù. Abdulsalam gé ojú ayùn méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú Fọláyẹmí, wọ́n sì dá wọn padà sínú páálí wọn. Kí aago kan tó lù, Rísíkátù ti wà ní ọgbà tí Àkànmú ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìlobù.

Abdulsalam jókòó sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì, Hàmídù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Fọláyẹmí wọ bùbá àti ìró, ó ń ra ẹ̀pà.

"Bàbá, Àkànmú kọ́," ni Hàmídù ń kùn. "Ọmọ wa ni. Ará Ìfọ́n yẹn ló ń yí yín lórí."

"Dákẹ́, kí o máa wò."

Lákòókò yẹn ni wọ́n pe ìrun. Àkànmú gba páálí lọ́wọ́ Rísíkátù tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ìyá, ẹ ò gbọ́ ni? Ẹ lọ kírun. Kí ẹ tó dé mo ti parí."

"Láti ìgbà wo lo ti di lèmámù, Àkànmú?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ yín ni mi ò fẹ́ rù."

Rísíkátù rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Nígbà tó padà dé, Àkànmú ti pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó sì ń yí kọ́kọ́rọ́ láti fi hàn án pé ọkọ̀ ti gbiná. Ó bọ́ sílẹ̀. Abdulsalam ti sọdá títì.

"Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

"Bàbá? Ọ̀fọ̀ ṣì ń dààmú yín. Ẹ jókòó."

Abdulsalam na púlọ́ọ̀gì tí wọ́n ti ha sí i. "Èyí tí mo sọ sínú páànù rẹ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Báwo ló ṣe padà sínú ọkọ̀ mi?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àkànmú. Fọláyẹmí ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó mú káàdì ọlọ́pàá jáde. Láti ibi tó ti ń ra ẹ̀pà ni ó ti rí i tí Àkànmú sọ nǹkan sínú páànù kan.

"Kí ló wà nínú páànù pupa abẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn?"

Àkànmú ta Abdulsalam nù, ó fò sínú píkọ́ọ̀pù Rísíkátù, ó sì gba ọ̀nà Ìfọ́n. Rísíkátù figbe ta. Hàmídù gbé ọ̀kadà, Fọláyẹmí fò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Eruku sọ. Wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọjá ilé ìwé. Ọkọ̀ náà ń jìnnà sí wọn. Díẹ̀ ló kù kí tírélà kan bò ó mọ́ wọn lójú.

Píkọ́ọ̀pù náà ta gìrì. Ó tún ta gìrì. Ó wúkọ́, ó kú sójú títì.

Nígbà tí wọ́n bá a, Àkànmú ṣì ń yí kọ́kọ́rọ́. Hàmídù fa ilẹ̀kùn ya, ó fà á sílẹ̀ ní ọrùn aṣọ. Fọláyẹmí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú rẹ̀ ń dán, wọn kò ní ojú ayùn kankan. Nínú páànù pupa ní ọgbà rẹ̀, lábẹ́ àkísà, wọ́n bá mẹ́rin tí ó ní ojú ayùn méjì, àti agolo ọ̀dà fàdákà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì.

"Ọkọ̀ mélòó?" Fọláyẹmí béèrè ní àgọ́.

"Mi ò kà á."

"Kí ni o ń fi ojúlówó ṣe?"

"Mò ń tà á ní Òṣogbo."

"Kí ló dé tí o fi ń rán wọn lọ rà á ní Ìfọ́n? Ṣé kò sí ní Ìlobù ni?"

Àkànmú wo ilẹ̀. "Mo mọ̀ pé tó bá bàjẹ́, Ìfọ́n ni gbogbo wọn máa kọjú sí. Kò sẹ́ni tó máa wo ọ̀dọ̀ mi." Ó gbójú sókè sí Abdulsalam. "Bàbá, mo rò pé ọkọ̀ á kàn máa ta gìrì ni. Ẹ̀mí Màmá ò sí lọ́kàn mi."

Hàmídù kọjú sí ògiri.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Hàmídù lọ sí Ìfọ́n gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Kò kó èrò dání. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Sàláwù lójú gbogbo àdúgbò. Hàfúsátù oníbúrẹ́dì ti wà níbẹ̀, ó gbé búrẹ́dì gígùn méjì wá.

"Mo bú ẹ, Sàláwù," ni ó wí. "Jẹ ẹ́, kí èébú náà lè kúrò níkùn ẹ."

Abdulsalam ti kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá síbẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ tó wọ́ ọ. Sàláwù ka nọ́ńbà nínú ìwé, ó wọn gígùn rẹ̀, ó ti abẹ irin pẹlẹbẹ bọ ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ pé àlàfo rẹ̀ pé. Abdulsalam fi ayùn gé ojú méjì sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gbé wọn sún mọ́ ojú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ wọ́n. Ìrun ti kọjá. Kò sẹ́ni tó lé e lọ síbì kankan.

Ẹ́ńjìnnì gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó jókòó, ó nà gbọọrọ, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é kí ó tó rántí. Ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Hàmídù rò pé òun ni ó ṣí i fún. Ó wọlé, ó jókòó, ó fa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́.

Abdulsalam wò ó. Ó ki ọkọ̀ sí jíà, wọ́n sì gbọ̀nà ilé.