Ewúrẹ́ Orí Kejìlá

Áyọ́ọ̀nù ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún Wéréwéré, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ òsì, ṣòkòtò oníbàárà kan sì nà gbalaja sórí tábìlì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni. Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tí màmá rẹ̀ ní gbóná bí inú ìkòkò, òórùn ọṣẹ sì gba ibẹ̀ kan. Fóònù dún. Tíṣà, olórí ẹgbẹ́ ìkàwé wọn, ló kọ̀wé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ará Ẹgbẹ́ Díẹ̀díẹ̀. Orí kejìlá la kà lọ́sẹ̀ yìí. Kí kálukú sọ ibi tó dùn mọ́ ọn jù. Wéréwéré, ìwọ ni kó o ṣíwájú."

Ká sòótọ́, Wéréwéré ò tíì ka orí kejìlá. Kò tíì ka ìkọkànlá. Ó ka ìkẹwàá dé ibi tí wọ́n kọ "Orí Kẹwàá" sí.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Ẹgbẹ́ Díẹ̀díẹ̀ wà. Àwọn èèyàn tí wọn ò fojú kan ara wọn rí ló jọ ń ka ìwé ìtàn àtijọ́ kan ṣoṣo, orí kan lọ́sẹ̀ kan, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sáré. Ìwé náà nípọn débi pé bó o bá fi ti ilẹ̀kùn, olè á kí ọ kó tó padà sílé. Àwòrán ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àmì ẹgbẹ́, torí pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Màmá àgbà, ìyá tó bí màmá Wéréwéré, ló fà á wọ ẹgbẹ́ náà. Agbẹ̀bí ni màmá àgbà kó tó fẹ̀yìn tì. Àtìgbà tó wà lọ́mọge ló ti ra ìwé yẹn, kò sì kà á tán rí. "Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dé orí kẹta," ló máa ń wí, "ọmọ kan á ní àfi kóun wáyé lónìí." Ní báyìí tí ọmọ kankan ò pè é mọ́, ó ń fi gíláàsì róbótó kan tó ń sọ lẹ́tà di ńlá kà á, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ó ní, "Wéréwéré, jẹ́ ká jọ máa kà á. Bí mo bá ń dá a kà, oorun ló máa ń bá mi parí rẹ̀."

Wéréwéré gbà. Orí fóònù ló ti ń ka tirẹ̀. Ó ka orí mẹ́rin àkọ́kọ́ dáadáa, kó tó ṣàwárí pé èèyàn lè gba ìyìn láìkàwé. Bó bá ti kọ ọ́ pé, "Òǹkọ̀wé yìí mọ inú ọmọ aráyé o," Tíṣà á pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ti gba ìràwọ̀ Ọ̀gá Òǹkàwé oṣù yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún láàárín àwọn àgbà! Ìràwọ̀ náà ti fẹ́ gùn ún lórí.

Ohun tó mọ̀ nípa ìwé náà ò ju pé opó kan wà tó ní oko lẹ́bàá odò, pé ọmọ opó náà fẹ́ fẹ́ ọ̀gágun kan, àti pé ìgbéyàwó wà lórí kejìlá. Ó ronú pé, níbi ìgbéyàwó, nǹkan kan á ṣáà ṣẹlẹ̀. Ó wá kọ ọ́ pé:

"Ibi tí ewúrẹ́ yẹn ti já wọ àárín ìgbéyàwó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ aṣọ ìyàwó láti ẹ̀yìn, ló dùn mọ́ mi jù. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro mí."

Ewúrẹ́? Níbo ló ti rí ewúrẹ́? Òun gan-an ò mọ̀. Àwọn kan máa ń purọ́ bí ẹni ń rìn lórí ẹyin. Ti Wéréwéré dà bí ẹni ń bẹ́ sódò: á kọ́kọ́ bẹ́ ná, kó tó bèèrè bóyá omi wà níbẹ̀.

Ó ń retí kí ẹnì kan ní, "Ewúrẹ́ wo?" Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́. Awakọ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ló kọ́kọ́ dáhùn.

"Ha! Ewúrẹ́ yẹn! Ṣe ni mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí n lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Dúdú oníwo gígùn yẹn!"

Anti Báńkì, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ní, "Ìyàwó ló ṣe mí láàánú. Aṣọ olówó ńlá! Èmi ìbá so ewúrẹ́ yẹn mọ́lẹ̀ ni."

Tíṣà wá dá sí i. "Ẹ kú làákàyè. Àmọ́ ẹ má rò pé ewúrẹ́ lásán ni o. Ojúkòkòrò Ọ̀gágun ni òǹkọ̀wé fi ewúrẹ́ ṣàpèjúwe. Ẹ wò ó, ẹ̀yìn aṣọ ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe iwájú. Ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn."

Ẹnì kan tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ kọ ọ́ pé, "Mo ti fura bẹ́ẹ̀."

Wéréwéré la ẹnu, kò lè pa á dé. Ó ti bí ewúrẹ́, ewúrẹ́ ti hùwo, Tíṣà sì ti fún un níṣẹ́ ṣe. Àsìkò yẹn ni òórùn kan gba imú rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ti ń ka orí tirẹ̀ lára ṣòkòtò oníbàárà.

"Wéréwéré, kí ló ń jóná?" màmá rẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìnkùlé.

"Kò sí nǹkan o, Màmá! Àwọn ará ilé kejì ni!"

Ó ká ṣòkòtò náà, ó sì fi ojú ibi tó jó sínú.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá màmá àgbà nídìí tábìlì, ìwé ńlá ní ṣíṣí, gíláàsì lọ́wọ́. Ó ń ṣí i síwájú, ó ń ṣí i sẹ́yìn.

"Wéréwéré, wá. Ojú ewé wo ni ewúrẹ́ yẹn wà?"

"Ewúrẹ́... ó wà lápá ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, Màmá."

"Mo ti ka ìsàlẹ̀. Mo ti ka òkè. Nínú èyí tí mo kà, ìgbéyàwó ò tiẹ̀ wáyé. Òjò rọ̀, odò kún, afárá já. Ọkọ ìyàwó dúró lódì kejì, ó ń ju fìlà. Ìyàwó tó o ní ewúrẹ́ jẹ aṣọ rẹ̀, kò wọ aṣọ ọ̀hún rárá. Báwo wá ni?"

Ó ku díẹ̀ kí Wéréwéré sọ òótọ́. Ó tún rántí ìràwọ̀. Ó rántí Tíṣà àti ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní:

"Bóyá ẹ ti kà á, tẹ́ ẹ gbàgbé ni, Màmá."

Màmá àgbà wò ó. Ó rọra gbé gíláàsì náà kalẹ̀.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Gbogbo wọn ló ṣáà rí i. Èmi nìkan ni mi ò rí i."

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà nínú ilé. Màmá àgbà, tó máa ń dáná fúnra rẹ̀, ní òun ò tan sítóófù mọ́, kóun má lọ gbàgbé iná. Ó kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún màmá Wéréwéré. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Wéréwéré gbọ́ ọ nínú yàrá tó ń dá ka orúkọ àwọn ọmọ tó gbẹ̀bí wọn, ó ń kà wọ́n bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ wọ yàrá ìdánwò. Bó bá dé orí èyí tí kò dá a lójú, á tún bẹ̀rẹ̀.

Màmá Wéréwéré pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀dá, tó ń gbé níbi tó jìnnà. Bọ̀dá ní ọ̀dọ̀ òun ni kí ìyá wọn máa bọ̀, pé ìyàwó òun máa ń wà nílé látàárọ̀ dalẹ́, yóò lè máa ṣọ́ ọ. Ó ní òun máa wá fi mọ́tò gbé e ní Sátidé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, màmá àgbà ti di àpò rẹ̀. Ó gbé ìwé ńlá náà fún Wéréwéré.

"Gbà. Ìwọ ni kó o bá mi parí rẹ̀. Kò jọ pé ó máa yé mi mọ́."

Wéréwéré gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí, ó ṣí orí kejìlá, ó sì kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Òjò rọ̀. Afárá já. Ọ̀gágun ju fìlà títí fìlà fi bọ́ sódò. Ìyàwó ń pariwo orúkọ rẹ̀, odò ò jẹ́ kó gbọ́. Wéréwéré gbàgbé pé inú ooru lòun wà. Nígbà tó ka ìlà tó gbẹ̀yìn, ó rí i pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ọpọlọ màmá àgbà. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ pátá, orí ẹnì kan ṣoṣo ló pé, orí náà ni wọ́n sì fẹ́ dì lẹ́rù lọ.

Ní Sátidé, Bọ̀dá ti gbé àpò sí búùtù mọ́tò kí Wéréwéré tó sáré wọlé.

"Màmá àgbà, ẹ má lọ! Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Kò sí ewúrẹ́!"

"Ewúrẹ́ wo?" Bọ̀dá bèèrè.

"Èyí tó jẹ aṣọ ìyàwó."

"Ìyàwó ta ni?"

"Ìyàwó tí kò ṣègbéyàwó, sà."

Bọ̀dá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣé ìyá wa nìkan lẹ ní kí n wá gbé ni?"

Wéréwéré kúnlẹ̀. Ó wá ṣàlàyé látìbẹ̀rẹ̀ dópin: bí kò ṣe kàwé, bó ṣe dá ewúrẹ́ sílẹ̀, bó ṣe ní kí màmá àgbà gbà pé òun ló gbàgbé. Bí ẹnu ṣe ti là tán, ó ní, "Ṣòkòtò oníbàárà yẹn náà, èmi ni mo jó o, kì í ṣe ará ilé kejì."

"Mo mọ̀ pé òórùn yẹn jìnnà sí ilé kejì!" màmá rẹ̀ wí. "Ìwọ ọmọ yìí, ewúrẹ́ tí kò sí láyé lo fẹ́ fi lé ìyá mi kúrò nílé?"

Màmá àgbà fi ohùn rírẹlẹ̀ ní:

"Awakọ̀ ní dúdú ni."

"Irọ́ ni, Màmá."

"Tíṣà ńkọ́? Ó ṣàlàyé rẹ̀."

"Màmá, Tíṣà náà ò kà á."

"Mo ka orúkọ àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí lójoojúmọ́," ni màmá àgbà wí, "torí mo rò pé wọ́n ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wéréwéré, ìwọ lo fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi." Ó na fóònù sí i. "Kọ ọ́ fún wọn. Kí n máa wò ọ́."

Wéréwéré kọ ọ́. Awakọ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn, ó ní, "Ẹ má bínú. Àtorí kẹfà ni mo ti páàkì." Anti Báńkì ní orí kẹrin lòun dúró sí. Ẹni tó ti fura ò sọ nǹkan kan. Tíṣà jáde nínú ẹgbẹ́, ó tún padà wọlé, ó wá kọ ọ́ pé, "Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí kìn-ín-ní. Kí Màmá Agbẹ̀bí máa ṣáájú wa."

Wọ́n gba ìràwọ̀ lọ́wọ́ Wéréwéré. Bọ̀dá gbé àpò náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń kùn pé òun ò wakọ̀ wá jìnnà báyìí nítorí ewúrẹ́ rí. Ní ti màmá àgbà, ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà, ó tan sítóófù, àmọ́ kò bá Wéréwéré ṣàwàdà fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tó ṣáà ń wí ni pé, "Jókòó. Kà á sókè. Kí n gbọ́ ọ." Ojoojúmọ́, bí wọ́n bá ti lọ aṣọ tán, Wéréwéré á jókòó, á kà á sókè. Nígbà tí wọ́n tún dé ibi tí afárá ti já, àwọn méjèèjì ò fẹ́ dìde jẹun.

Wọ́n ń kà á bọ̀, ó di orí kọkànlélógójì. Ọjọ́ Ajé ni. Wéréwéré ti dá kà díẹ̀ ṣíwájú, ló bá fò sókè. Ewúrẹ́ kan, ewúrẹ́ gidi, já wọ ilé ẹjọ́, ó sì jẹ fìlà adájọ́! Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè dúró di Sátidé. Ó kọ ọ́ sí ẹgbẹ́.

"Ó tún ti dé o!" Awakọ̀ kígbe. "Ṣé dúdú ni, àbí kí n yan àwọ̀?"

Anti Báńkì ní, "Ẹ̀ẹ̀kan la máa ń tan ọmọ báńkì jẹ."

"Wéréwéré," Tíṣà kọ ọ́, "a ti dárí jì ọ́. Má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó ya fọ́tò ojú ewé náà fún wọn. Wọ́n ní kò sí ohun tí ọmọ ìwòyí ò lè fi fóònù ṣe. Omijé ń yọ lójú rẹ̀. Ó sáré tọ màmá àgbà lọ.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn!"

"Mi ò tíì débẹ̀," màmá àgbà dáhùn, kò gbójú sókè. "Ohun tí mi ò bá rí, mi ò ní sọ pé mo rí i. Ibi tí ìyẹn gbé wa dé tẹ́lẹ̀, ṣé o ti gbàgbé?"

Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Wéréwéré jókòó, ó ń wo gíláàsì róbótó yẹn bó ṣe ń rìn lórí ìwé, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan. Kò sáré. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, gíláàsì tún ń rìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó dúró. Màmá àgbà tẹ̀ mọ́ ìwé náà, ó kà á, ó tún un kà. Ó wá fa fóònù rẹ̀ sún mọ́ra, ó sì fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́:

"Mo ti débẹ̀. Ewúrẹ́ wà. Funfun ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló dúdú. Ọmọ mi ò purọ́."

Ẹnikẹ́ni ò tún jiyàn. Wéréwéré ka ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ó dùn mọ́ ọn ju ìràwọ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí, ẹ má sọ pé ẹ ti ka ohun tẹ́ ò kà. Irọ́ kékeré lè jẹ́ kí olóòótọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ojú ara rẹ̀. Bó bá sì yá, tí ẹ̀yin náà bá rí ewúrẹ́ gidi, ẹ̀ ń lọ wá màmá àgbà tó máa bá yín jẹ́rìí nìyẹn, gbogbo ilé kọ́ ló sì ní irú rẹ̀.