Ìlà Kejìlá Nínú Ìwé Ẹgbẹ́

Agbọ̀n obì méje ni obìnrin kan tò sí ẹsẹ̀ fèrèsé ẹrù ní ibùdókọ̀ rélùwéè Òṣogbo, ó wá jókòó lé ìkẹjọ, ó ká ẹsẹ̀ bí ẹni pé òun ló ni ọkọ̀ ojú irin. Ewé gbòdògì tútù ló fi bo obì rẹ̀. Omi ń kán láti ara ewé náà sórí símẹ́ńtì, kò sì bìkítà pé ó ń tutù sí ẹsẹ̀ òun.

Àkànó wò ó láti inú fèrèsé. Ó wò ó, ó gbójú kúrò, ó tún wò ó. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló ti lò láyé, ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìwé díẹ̀ tó kà kò sì gbé e kọjá ìdí fèrèsé yẹn. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó kọ ìwé pélébé tí wọ́n ń so mọ́ ẹrù: ta ló ni ín, ilé wo, ìlú wo. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti sọ fún un pé ẹrù tí kò bá ti ní àdírẹ́sì, ó ti sọnù nìyẹn. Àkànó di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni di okùn kànga mú.

"Orúkọ yín, mà?"

"Morónkẹ́ Fákúnlé. Kánò ni obì ń lọ."

"Ìlú yín?"

"Ìtagunmódì, lọ́nà Iléṣà."

"Ilé wo ní Ìtagunmódì?"

Obìnrin náà gbójú sókè. "Akọ̀wé, ṣé ẹ fẹ́ wá tọrọ ìyàwó níbẹ̀ ni?"

Àwọn alábàárù bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Àkànó. "Kí ẹrù má baà sọnù ni mo ṣe béèrè."

"Ó dáa. Ulé alámọ̀ pupa, igi obì mẹ́ta wà níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá bá ajá níbẹ̀, ẹ ti ṣìnà nìyẹn, a ò sin ajá."

Ulé ló ń pe ilé, bí gbogbo Ìjẹ̀ṣà ti ń pè é. Àkànó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó yọ ti ajá kúrò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó tún rí i, níbi tí kò retí rẹ̀. Yàrá kan ni Àkànó gbà ní àdúgbò Igbona, nílé Bàbá Béjidé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún 1965 ni. Ẹgbẹ́ ńlá méjì ló ń fa ilẹ̀ Yorùbá ya nígbà náà: ọ̀kan jókòó sórí oyè kò fẹ́ dìde, ìkejì tí wọ́n lé kúrò kò fẹ́ dárí jì. Bàbá Béjidé ní òun yóò dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ láàárín wọn, fún Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nìkan, ẹgbẹ́ tí kò ní bú ẹnikẹ́ni, tí yóò kàn máa béèrè omi àti ọ̀nà. Ó pè é ní Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní ẹgbẹ́ àdán, nítorí kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ.

"Àdán náà ń jẹun yó," ni Bàbá Béjidé máa ń dá wọn lóhùn.

Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé olùdásílẹ̀ gbọ́dọ̀ pé méjìlá, mẹ́fà láti Òṣogbo, mẹ́fà láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kí apá kan má baà sọ pé òun ló ni ín. Bí wọn ò bá pé, ìwé ẹgbẹ́ kò ní lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Àwọn obìnrin olóbì ló rán Morónkẹ́ wá sípàdé ọjọ́ náà, òun ló ṣìkẹfà Ìjẹ̀ṣà. Márùn-ún ni Òṣogbo.

"Àkànó, ìwọ ló kù," ni Bàbá Béjidé wí.

"Òfin iṣẹ́ wa ò gba òṣèlú, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ṣì máa bá yín kọ̀wé ná."

Ó kọ orúkọ àwọn ọkùnrin mẹ́wàá, orúkọ àti ìlú, ó tán. Nígbà tó kan Morónkẹ́ ní ìlà kọkànlá, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò dúró. Ó béèrè oríkì rẹ̀ pàápàá. Ó fi ìkọ̀wé tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ kọ ọ́: Morónkẹ́ Àwẹ̀ró Fákúnlé, ilé alámọ̀ pupa, igi obì mẹ́ta níwájú, Ìtagunmódì lọ́nà Iléṣà. Obìnrin náà tẹ ìka sí i.

"Kí ló dé tí tèmi fi gùn tó báyìí?"

"Kí ẹ má baà sọnù," ni Àkànó wí. Kò gbójú sókè.

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó bá gbé obì wá, Morónkẹ́ á fi ẹyọ kan sórí fèrèsé, Àkànó á sì bá a jókòó lábẹ́ òrùlé páànù títí ọkọ̀ Òkè Ọya yóò fi lọ. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, "ẹ" ti bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, ó ti di "ìwọ".

"O ń bẹ̀rù ju aláǹgbá lọ," ni ó sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Gbogbo bí a ṣe jókòó yìí, ojú rẹ ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

"Aláǹgbá ló ń pẹ́ láyé, Àwẹ̀ró."

"Lára ògiri ẹlòmíràn."

Ó rẹ́rìn-ín, Àkànó náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni Àkànó sọ fún un pé òun fẹ́ wá rí bàbá rẹ̀.

Morónkẹ́ fi ewé bo agbọ̀n rẹ̀. "Ọjọ́ tí orúkọ rẹ bá bọ́ sábẹ́ tèmi nínú ìwé yẹn, máa bọ̀. Èmi obìnrin tẹ ìka. Bí Bàbá bá bi mí pé ta nìyí, kí ni kí n wí? Pé ẹni tí ń kọ orúkọ ẹlòmíràn?"

"Ó di oṣù tó ń bọ̀."

Oṣù tó ń bọ̀ dé, ó di èyí tó tún ń bọ̀. Ìbò oṣù kẹwàá dé bá wọn, ìlà kejìlá ṣì ṣófo, ìwé ẹgbẹ́ ṣì wà nínú àpótí Àkànó.

Lẹ́yìn ìbò náà ni ilẹ̀ gbiná. Ẹni tó rántí mọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, ọkùnrin márùn-ún wọ ilé Bàbá Béjidé. Bàbá ti lọ sí Ìdó-Ọ̀ṣun, Àkànó nìkan ni wọ́n bá. Ẹgbẹ́ wo ló rán wọn, kò mọ̀, kò sì béèrè. Ìwé ẹgbẹ́ àdán ni wọ́n fẹ́.

Ó mú un jáde fún wọn.

"Orúkọ tìẹ dà níbẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀, sà. Akọ̀wé lásán ni mí. Ẹ wo ìlà kejìlá, òfìfo ni."

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i fún wọn, òun ló fi ìka hàn wọ́n. Olórí wọn wo ìlà òfìfo náà, ojú rẹ̀ sì gòkè díẹ̀, ó bọ́ sórí ìlà kọkànlá. Ó kà á pẹ̀lẹ́, ó tún un kà.

"Eléyìí dára," ó wí. "Èyí ò ní jẹ́ ká bi ẹnikẹ́ni lọ́nà."

Wọ́n mú ìwé náà lọ. Ọkọ̀ Iléṣà pọ̀ ní gáréèjì lọ́sàn-án yẹn, Àkànó ì bá gun ọ̀kan, ì bá dé ṣáájú wọn. Orí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí. Ó máa ń sọ lẹ́yìn náà pé ẹsẹ̀ òun ni kò gbé òun. Irọ́ ni. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Morónkẹ́ dé fèrèsé ẹrù, kò gbé agbọ̀n kankan. Ìwé náà ló gbé kalẹ̀, etí rẹ̀ ti jó.

"Wọ́n gbàgbé rẹ̀ síwájú ulé. Wọ́n ń ka àdírẹ́sì yẹn sókè bí wọ́n ṣe ń bọ̀, gbogbo ìlú gbọ́. Igi mẹ́ta yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ finá sí, kí wọ́n tó kan àká obì. Bàbá wọnú èéfín lọ láti gbé agbọ̀n jáde. Kò ríran mọ́."

"Àwẹ̀ró."

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀." Ó ti padà sí "ẹ". "Ẹ kọ ọ́ kí n má baà sọnù. Ẹ ò rí i, n ò sọnù."

Ó yí padà, ó lọ. Àwọn alábàárù tó máa ń rẹ́rìn-ín yà fún un lọ́nà.

Nínú oṣù kejìlá, Àkànó gbé ìwé náà síwájú Bàbá Béjidé, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìlà kejìlá.

"Ó ti pẹ́ o, Àkànó."

"Mo mọ̀, sà."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ní ọ̀sán gangan, níṣojú gbogbo ènìyàn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọdún tuntun, ọ̀gá rẹ̀ pè é, ó gba kọ́kọ́rọ́ fèrèsé ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i tí àwọn ṣójà fi gba ìjọba. Nígbà tó yá, wọ́n kéde pé kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú mọ́, ńlá ni o, kékeré ni o. Akọ̀wé ọ́fíìsì kan dá ìwé náà padà fún Bàbá Béjidé. Okùn tí wọ́n fi dì í, ẹnikẹ́ni ò tú u.

Àkànó fi yàrá Igbona sílẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí kan, ó gbé ìwé náà, tí Bàbá Béjidé fún un, lé e, ó wọ ọkọ̀ Iléṣà.

Bàbá Fákúnlé jókòó níwájú ilé, ó kọjú sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Morónkẹ́ ń bó obì tó ti rẹ sómi. Ó rí Àkànó láti òkèèrè, kò dá ọwọ́ dúró.

"Ta ní ń bọ̀ yẹn?" ni bàbá náà béèrè.

"Akọ̀wé ni, Bàbá."

"Èyí tó kọ̀wé?"

"Òun ni."

"Jẹ́ kó kà á. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó fọ́ mi lójú."

Àkànó kúnlẹ̀. Ó ka orúkọ mẹ́wàá. Nígbà tó kan ìkọkànlá, orúkọ nìkan ló kà.

"Kà á bí o ṣe kọ ọ́," ni bàbá náà wí.

Ó kà á: Morónkẹ́ Àwẹ̀ró Fákúnlé, ilé alámọ̀ pupa, igi obì mẹ́ta níwájú. Kùkùté dúdú mẹ́ta náà wà níwájú rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Bàbá gbọ́ títí dé òpin, ó mi orí.

"Ó kù?"

"Ìlà kejìlá, Bàbá. Láńrewájú Àkànó, Òṣogbo."

"Ilé wo?"

"Kò sí ilé mọ́, sà."

Morónkẹ́ bó obì kan tán, ó ju èèpo rẹ̀ sílẹ̀, ó mú òmíràn.

"Ìwọ ló máa ń sọ pé ẹrù tí kò ní àdírẹ́sì, ó ti sọnù nìyẹn," ó wí. "N ò gbàgbé o. N ò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n Bàbá fẹ́ràn kí wọ́n máa ka ìwé ìròyìn fún òun, èmi ò sì mọ̀wé. Mú bírò rẹ."

"Kí ni kí n kọ?"

"Ulé alámọ̀ pupa, Ìtagunmódì."

Àkànó kọ ọ́. Ìkọ̀wé tó dára yẹn kò jáde. Ó fẹ́ kọ síwájú sí i, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn, Morónkẹ́ sì na ọwọ́ tútù rẹ̀ tó kún fún omi obì, ó gbé e lé ojú ìwé náà.

"Ó tó," ó wí. "Má kọ ti igi."