Ọkọ Gbogbo Wa

Ẹ̀yìn ni ọkùnrin náà fi wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ojú àwọn ará títì ló ń sá fún, kò sì mọ̀ pé ojú kan ń bẹ nínú ilé. Ṣòkòtò rẹ̀ funfun báláú, ó ya láti ìdí dé itan, fìlà iṣẹ́ rẹ̀ ló sì fi bò ó. Bó ṣe di pé ohun tí aránṣọ kọ́kọ́ rí lára ẹni tó máa fẹ́ kì í ṣe ojú nìyẹn.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹ̀yìn yín ni kí n kí, àbí ẹ máa yíjú?"

Ọmọ ogun ojú omi náà yíjú. Òógùn ti bò ó. "Ẹ ṣàánú mi, Àǹtí. Ọ̀gá wa fẹ́ yẹ̀ wá wò, mo bẹ̀rẹ̀ kí n so okùn bàtà ni."

"Okùn bàtà ló ṣe gbogbo èyí? Ẹ bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì, kí ẹ ju ṣòkòtò sí mi."

Ó rán an, ó tún un rán, ó ní kó lè lágbára ni. Irọ́ ni. Ohùn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì ló ń dùn mọ́ ọn létí.

Láti ọjọ́ náà, bọ́tìnnì tí kò já, ọkùnrin yìí á já a, á gbé e wá. Nígbà tí kò sí bọ́tìnnì mọ́, ó sọ tẹnu rẹ̀. Inú aránṣọ dùn débi pé ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ni kò gbà. "Ẹni tó ń gbé orí omi, ibi tó bá gúnlẹ̀ sí ni ilé rẹ̀," ni ìyá wí. "Ìyàwó wọn kì í jẹ́ ẹyọ kan." Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ó fi rọ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ló fa ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Mi ò tíì fún ẹnikẹ́ni ní yàrá ẹ o."

Wọ́n kó lọ sí bárékè. Àwọn ilé ibẹ̀ jọra bí ẹni pé ilé kan ṣoṣo ló ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó tuntun lọ sá aṣọ, ó padà wọlé, ó bọ́ bàtà, ó sì na gbalaja sórí àga kó tó rí obìnrin kan tó dúró tì í tòun ti ṣíbí ọbẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé o wá kí mi ni, àbí o ti kó wá?"

Ìyá Ìbejì nìyẹn, ará ilé kejì. Báyìí ni wọ́n ṣe dọ̀rẹ́, tí Ìyá Ìbejì sì fi í sínú ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó lórí fóònù.

Kò pẹ́ tí ọkọ lọ sójú omi. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ bá kọ ni ìyàwó ń kà kó má baà máa sunkún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì kọ̀wé síbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù:

"Oko wa n bo lola. Gbogbo iyawo, e mura daadaa, ka jo lo pade re."

Ìyàwó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fèsì: "Oko tani?"

"Oko gbogbo wa ni o. Ko si eni to ni in nikan."

Obìnrin mìíràn fi tirẹ̀ kún un: "O ti n dagba, sugbon o si n sare daadaa."

Ìyàwó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkùnrin yìí purọ́ ìyàwó fún òun, ó tún purọ́ ọjọ́ orí. Àṣé ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó palẹ̀ ẹrù mọ́. Yóò bi ọkùnrin náà léèrè lójúkojú, yóò sì gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Kò bá àwọn orogún rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì. Ó dá lọ sí èbúté, ó dúró lọ́tọ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe múra tó.

Ìgbà tó yá, Ìyá Ìbejì na ọwọ́ sójú omi. "Ọkọ̀ wa dé o."

Ìyàwó gbọ́ bí ohùn ṣe já wálẹ̀. Ọkọ̀. Irin gàgàrà kan tó ń rú èéfín ni wọ́n ń wí, èyí tó ti ń dàgbà tó ṣì ń sáré dáadáa. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì: oníkálukú ló ń na ọrùn wá tirẹ̀.

Kó tó rí ibi sá pa mọ́ sí, ọkọ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. "Adúmáradán mi. Ẹrù wo nìyí? Ṣé o fẹ́ bá wa padà sójú omi ni?"

Kò lè purọ́. Ó na fóònù sí i. Ọkùnrin náà kà á, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"O fẹ́ lọ."

"Mo fẹ́ lọ."

"N kì í sùn dáadáa lórí omi," ó wí jẹ́jẹ́. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mo lè dé, kí n má bá ọ."

Ìyàwó di apá aṣọ rẹ̀ mú. "Máa lọ, kó o máa bọ̀. Ìgbàkígbà tó o bá dé, wàá bá mi. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni kó o máa bá."

"Ìwọ nìkan."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé báàgì, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. "Kí ló wà nínú èyí?"

"Gbogbo ìkòkò wa."

"Gbogbo ẹ̀? Kí lo fẹ́ kí n máa fi sebẹ̀?"

"Kí àwọn ìyàwó ẹ yòókù sè é fún ọ."

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín, títí Ìyá Ìbejì fi bojú wẹ̀yìn. Ó gbé ẹrù lé èjìká, ìkòkò ń ró gbọngbọn, wọ́n sì forí lé ilé.