Ohun Tí Àwòrán Òkè Kò Rí

Eérú ló bo ìpéǹpéjú ọkùnrin náà nígbà tó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọlé. Okùn bàtà rẹ̀ kan ti tú, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, máàpù tí wọ́n ká sì wà lábíyá rẹ̀. Obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà gbé ojú sókè wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe máàpù yìí?"

"Èmi ni."

Sátẹ́láìtì ló ń ya àwòrán igbó láti òkè. Obìnrin yìí ló ń ka àwọ̀ tó wà nínú àwòrán náà, tó ń sọ fún àwọn panápaná ibi tí ewé ti tutù àti ibi tó ti gbẹ, kí wọ́n lè mọ ibi tí iná máa gbà. Ọkùnrin yìí ni ọ̀gá wọn.

"Ẹ ní ẹ̀yìn òkè yìí tutù. Gbígbẹ ló gbẹ. Iná jó ọmọ iṣẹ́ mi kan lọ́wọ́ méjèèjì, ọsibítù ló wà báyìí."

Obìnrin náà wo máàpù náà títí. "Ewé orí igi ni mo rí. Mi ò rí koríko tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe mi ni. Ẹ mú mi lọ síbẹ̀."

Ìjà tí ọkùnrin náà ti dì lẹ́rù wá, kò rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n jọ gun òkè náà. Obìnrin náà ń gé koríko, ó ń wọ̀n ọ́n. Tó bá délé iṣẹ́, á yan án gbẹ, á tún un wọ̀n, kó lè mọ bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

"Ọ̀gá Panápaná, ẹ má mí sórí ìwọ̀n mi. Èémí yín wúwo."

"Ṣé kí n má mí mọ́ ni?"

"Ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀."

Bó ṣe di gbogbo ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ọkùnrin náà sọ obìnrin náà ní Ìyàwó Ewé. Ọkùnrin náà ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, títí di ọjọ́ tó sọ pé, "Ìyàwó Ewé ni wọ́n ń pè ọ́. Mo ti ń jowú ewé o." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ìwọ̀n fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà gbé ẹ̀rù wá. Ẹni tó wà lọ́kàn obìnrin náà ló ń fi máàpù rán lọ sínú iná báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló ń ka àwòrán kan kó tó fi ránṣẹ́.

Ìyá obìnrin náà tún dá kún un. Nọ́ọ̀sì ni ìyá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tọ́jú àwọn tí iná jó. Nígbà tí ọkùnrin náà wá kí i, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ìyá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Èèyàn dáadáa ni. Àmọ́ mi ò fẹ́ ẹ fún ọ. Egbò akínkanjú ni mo fi gbogbo ayé mi wẹ̀. Wọn kì í mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn sá."

Ọmọ bẹ ọkùnrin náà pé kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn ṣì dúró ná. Ọkùnrin náà ní òun á dúró.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, iná ṣẹ́ yọ. Ọkùnrin náà àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè nígbà tí àwòrán ọ̀sán wọlé. Obìnrin náà rí i pé àwọ̀ ewé ti ń ṣá níbì kan. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì sọ fún un pé, "Má sọ ohun tí kò dá ọ lójú. Dúró de àwòrán ọ̀la."

Ọ̀la kẹ̀. Ó mú rédíò, ó pe ọkùnrin náà.

"Ọwọ́ òsì yín lè ti gbẹ lábẹ́."

"Ó lè ti gbẹ, àbí ó ti gbẹ?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì mọ̀ bóyá torí koríko ni àbí torí ẹ."

"A ti ń sọ̀ kalẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ fún wákàtí mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ìròyìn, ó wá jókòó tì í, ó gbé báàgì lé itan.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí ọkùnrin náà wọlé. Nǹkan kan ò ṣe ẹnikẹ́ni. Àmọ́ iná ò gba ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ló gbà, ó sì jó ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó. Ká ní wọ́n dúró ni, wọn ì bá gbà á là. Àwọn ọ̀gá àgbà ti pe ọkùnrin náà, wọ́n ní kó wá kọ ìdí tó fi sọ̀ kalẹ̀.

Obìnrin náà bojú. "Mo ṣì yín lọ́nà."

"O sọ fún mi pé o ò mọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń díbọ́n pé àwọn mọ̀. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún sọ̀ kalẹ̀."

Ìyá dìde. Ó gba ọwọ́ ọkùnrin náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe. "Wọn ò bi ọ́ bóyá ẹ̀rù ló bà ọ́?"

"Wọ́n bi mí, Mà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kún fómi. "Kò sí ìkankan nínú àwọn tí mo tọ́jú tó lẹ́nu sọ ìyẹn." Ó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi lé ti ọkùnrin náà. "Ẹ̀rù yẹn ò ní tán o. Ẹ ṣáà máa sọ ọ́ fún ara yín."

Obìnrin náà ló fúnra rẹ̀ mú ọjọ́ ìgbéyàwó, lẹ́yìn òjò kẹta, nígbà tí gbogbo òkè náà tutù látòkè délẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ọkùnrin náà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló wá. Rédíò wà lápò ọkọ ìyàwó, kò sì sẹ́ni tó ní kó pa á.