Àgọ́ Ẹ̀yìn Òkìtì Erùpẹ̀

Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, Wilf Thackray kò sì tíì rí ibi tí yóò pàgọ́ sí. Ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀, bàtà rẹ̀ ti mu omi, òjò erékùṣù Lewis ní Skọ́tílándì sì ń fọ́n sí i lójú.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ní Bradford kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn èrò a máa kí i láàárọ̀, Edna ìyàwó rẹ̀ a sì máa bá a tàkúrọ̀sọ lálẹ́. Iṣẹ́ tán, Edna kú, ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ló bá gbé àgọ́ tí wọ́n jọ máa ń lò, ó kọrí sí àríwá. Láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju ẹni tó ta búrẹ́dì fún un lọ.

Ilé kan ṣoṣo ló wà nítòsí. Èéfín ń jáde lórí òrùlé, obìnrin àgbàlagbà kan sì ń ká aṣọ kúrò lórí okùn. Ó wu Wilf kó sọ pé "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," kí ẹnì kan sì dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wá, èèyàn kì í ṣàdédé pàgọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ. Àgbẹ̀ kan ti fi ajá lé òun àti Edna rí ní ìdájí.

"Bí mo bá yọjú sí màmá yìí, á lé mi ni," ló sọ fún ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì yọ́ gba ẹ̀yìn odi òkúta kọjá.

Ó rí kòtò kan tí wọn kò lè rí láti ilé náà. Erùpẹ̀ dúdú tí wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù wà níbẹ̀, wọ́n tò ó jọ bí òkìtì kó lè gbẹ. Ewéko tó ti jẹrà sínú ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni, ó máa ń jó bí igi, òun sì ni wọ́n ń fi dáná nígbà òtútù. Wilf mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò rò ni pé irú erùpẹ̀ kan náà ni gbogbo ilẹ̀ tó tẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ilẹ̀ tí òjò ń pa, kí ló fẹ́ jó níbẹ̀?" ló wí. Ó pàgọ́ síbẹ̀, ó wá abẹ́ òkìtì tó gbẹ díẹ̀, ó ṣáná, ó se tíì. Nígbà tó mu ún tán, ó wa erùpẹ̀ bo iná. Kò mọ̀ pé ohun ìdáná ló tún kó lé e lórí.

Kó tó sùn, ó yọjú wo ilé náà. Iná ń tàn ní fèrèsé, obìnrin náà kò sì fa kọ́tínì. Àárò èèyàn sọ Wilf gidigidi.

Nígbà tó jí, ó ká àgọ́ rẹ̀ kíá kó lè tètè lọ. Ìgbà náà ló rí èéfín tó ń yọ nínú ilẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún yọ níbòmíràn, ní ìdí òkìtì gan-an. Omi inú ìgò rẹ̀ sì ti tán.

Kò sẹ́ni tó rí i. Bó bá lọ, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ó wo òkìtì náà, ó sì mọ̀ pé erùpẹ̀ ibẹ̀ ni yóò mú ilé yẹn móoru títí òtútù yóò fi lọ. Ó sáré lọ kan ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ gbà mí o! Mo ti dáná sun ilẹ̀ yín!"

Obìnrin àgbàlagbà náà, Murdina lorúkọ rẹ̀, ṣílẹ̀kùn. "Níbo?"

"Ìdí òkìtì erùpẹ̀ yín."

"Yéè! Kí lẹ wá lọ síbẹ̀? Ẹ gbé korobá yẹn. Ṣé èmi lẹ fẹ́ máa wò ni?"

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń da omi sí i. Murdina ń ki ọwọ́ bọ ilẹ̀ láti mọ ibi tó ṣì gbóná. Nígbà tí iná fi máa kú tán, apá kan òkìtì náà ti di eérú.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fara pamọ́ síbẹ̀?" ló bi í.

"Mo ń sá fún yín ni. Òfin…"

"Òfin ibo? Ti ọ̀dọ̀ yín? Ẹ ti sọdá ààlà, bàbá, ẹ wá di ẹ̀rù tọ̀hún mọ́ra. Ní Skọ́tílándì níbí, òfin gba ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láyè kó pàgọ́ kékeré sórí ilẹ̀ gbalasa fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Kó ṣáà jìnnà sí ilé, kó má wọnú oko, kó má da ẹran láàmú, kó má sì ba nǹkan jẹ́. Èmi ò lè lé yín. Ṣùgbọ́n dídáná sórí irú ilẹ̀ yìí, èèwọ̀ ni!"

"Mi ò mọ̀, màmá."

"Ẹ ò bá béèrè! Mi ò bá ti fi ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé hàn yín, lẹ́bàá odi tọ̀hún."

Ó gbé korobá sílẹ̀. "Mo rí yín lánàá. Mo rí àpò pupa yẹn tó ń yọ́ lọ lẹ́yìn odi. Mo gbé kẹ́tùlù kaná, mo ní, á kanlẹ̀kùn láìpẹ́. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi Torquil ti kú, ẹ̀yin alágọ̀ọ́ nìkan lẹ máa ń gba ibí kọjá. Omi hó, omi tún tutù."

"Ẹ má bínú," ni Wilf wí.

"Inú ń bí mi o! Erùpẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi gé! Ẹ máa bá mi tún òkìtì yẹn tò. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé wá mu tíì."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àtisùn síta gbangba, òfin ilẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì: ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó gbéra. Níbi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ gbàṣẹ, ẹ gbà á. Níbi tí àyè ti wà, ẹ má sọ ọ́ di àṣejù. Ẹ fi sítóòfù kékeré se oúnjẹ dípò kẹ́ ẹ dáná sílẹ̀, ẹ kó pàǹtírí yín lọ, ẹ má sì ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ nítòsí omi. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má sá.

Bẹ́ ẹ bá sì rí ilé kan ṣoṣo tí èéfín ń jáde níbẹ̀, ẹ yà kí wọn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gbé omi kaná dè yín.